Òfin Tí Kò Lè Kọjá Òkúta Ààlà

Okpomẹ́ta, lẹ́bàá Kétu,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Àṣàkẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ilé tí wọ́n fún ẹ ní Àjàṣẹ́, olú ìlú wa, ní omi, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kì í yọ ẹ́ lẹ́nu? Àwa níhìn-ín ń bẹ. Kànga ti lọ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá rẹ sì ń bá gbogbo agbo ilé jà nítorí omi, nítorí náà o mọ̀ pé ara rẹ̀ le.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún kà á sókè fún ìyá rẹ. O ní wọ́n ti fi ẹ́ ṣe ògbufọ̀ ní bírò tó ń mójú tó igbó àti ẹranko. O ní bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, àwọn èèyàn ńlá ilẹ̀ wa àti ti Nàìjíríà yóò jókòó sídìí tábìlì kan ṣoṣo láti kọ àdéhùn lórí eyín erin, awọ ẹkùn àti ẹran ààyè tí wọ́n ń ṣe fàyàwọ́ rẹ̀ kọjá ààlà. Ìwọ ni yóò jókòó sáàárín wọn, tí wàá máa sọ Faransé di Gẹ̀ẹ́sì, tí wàá sọ Gẹ̀ẹ́sì di Faransé, lẹ́nu àti nínú ìwé. Mo dúpẹ́ pé àwọn ọdún tí o lò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ní Mẹ̀kọ, níléèwé Gẹ̀ẹ́sì, kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n o kọ ọ̀rọ̀ kan sísàlẹ̀ lẹ́tà náà tí kò jẹ́ kí n lè gbé e sílẹ̀. O ní, "Ẹ má dààmú, Bàbá, iṣẹ́ ìwé lásán ni."

Àṣàkẹ́, kò sí ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́ ìwé lásán nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe mọ̀ fún ẹ, n kò sì sọ ọ́ fún ọmọ kankan rí. Ọwọ́ mi kò yá nínú ìwé kíkọ, o mọ̀. Irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n mi kí n tó kọ́ a, b, d ní kíláàsì ìrìbọmi. Ọ̀sán mẹ́ta ni mo fi ń kọ èyí. Fara balẹ̀ kà á. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà mi ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ fún ẹ yìí.

Àgbẹ̀ ni o mọ̀ mí sí. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti òwú lo bá mi nídìí rẹ̀. Nígbà tí o wà ní kékeré, o bi mí ìdí tí ọmọ ọdẹ bíi tèmi kò fi ní ìbọn nílé. Mo ní ojú mi kò ríran tó mọ́. Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Ojú mi ń ríran títí dòní.

Ọdẹ ni mí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, èmi àti Láṣebìkan, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ dàgbà. Bàbá mi kọ́ àwa méjèèjì láti pa ẹran tí ilé máa jẹ: ọ̀yà, òkété, etu, ìgalà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò kọ́ wa láti pa ẹran nítorí awọ ara rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bámigbádé ló kọ́ wa nìyẹn. Oníṣòwò ni, ó ní ilé ìkẹ́rù lápá ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà, kò jìnnà sí ààlà. Ó ń ra awọ ẹkùn, ó ń ra eyín erin, ó ń ra odídẹ láàyè nínú agbọ̀n. Ó ní àwọn olówó lókè òkun ni wọ́n fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ó fún wa ní ìbọn tó dára ju ti bàbá mi lọ, ó fún wa ní ẹ̀tù, ó sì ń pè wá ní ọmọ òun. Ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni mí. Ẹni tó bá pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọmọ rẹ̀, tó tún gbé ìbọn lé e lọ́wọ́, kí ni kò lè rán an?

Òfin wà o. Lápá tiwa, ìjọba Faransé ní ẹni tí kò bá gba ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan erin tàbí ẹkùn. Lápá kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní òfin tirẹ̀. Òfin méjèèjì kò burú, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ara wọn. Àárín àwọn méjèèjì la kọ́lé sí.

Ọ̀sán gangan la máa ń kọjá, lọ́jọ́ ọjà, nítorí kò sẹ́ni tó ń fura sí ẹni tó ń rìn lójú oòrùn. A ó fi eyín erin sáàárín àpò ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, a ó rù ú, a ó máa kí èèyàn lọ́nà. Gáàdì igbó wa nígbà náà ń jẹ́ Dosú. Ará Àgbómẹ̀ ni, Fọ̀n pọ́ńbélé, tó máa ń sọ Nàgó, èdè tiwa, bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Òun nìkan ló ń ṣọ́ gbogbo igbó láti Kétu dé Adakplamẹ̀, kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló sì ní.

Lọ́jọ́ kan, ó ká wa mọ́. Ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó gbá tẹ̀lé wa. A sá, ẹrù ń tẹ̀ wá lọ́rùn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ bà mí lẹ́yìn nígbà tí a dé ìdí òkúta tí àwọn òyìnbó rì mọ́lẹ̀ láti fi pín ilẹ̀. A kọjá òkúta náà, a sì dúró. Àní a dúró ni, Àṣàkẹ́, a kò sá mọ́. Ìṣísẹ̀ bíi mẹ́wàá ló wà láàárín àwa àti òun.

Láṣebìkan sọ ẹrù kalẹ̀, ó tẹrí ba fún un. "Gáàdì, ẹ kú ìdúró o! Ẹ bá wa kí ará ilé!"

Èmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Dosú ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wo òkúta, ó wò wá. Ó ní, "Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ibí yìí, èmi ni wọ́n á mú. Wọ́n á ní gáàdì Faransé gbógun wọ ilẹ̀ àwọn. Ẹ̀yin ń lọ, ẹ̀yin ń bọ̀. Èmi nìkan ni wọ́n pín ilẹ̀ fún." Ó yí padà, ó lọ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a máa fi padà sílé lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọwọ́ wa ti ṣófo. Kí ló fẹ́ fi mú wa?

Ọdún kẹta, a kò rí ẹsẹ̀ erin mọ́ níbi kankan. A rò pé wọ́n ṣí lọ ni. Bámigbádé kò bá wa kẹ́dùn. Ó ní ẹkùn kù, kí a mú ẹkùn wá. Ó fún wa ní ìbọn kejì, ó sì kọ́ wa bí a ṣe lè so okùn irin mọ́ ọn lójú ọ̀nà tí ẹkùn ń gbà, tí ẹkùn fúnra rẹ̀ yóò fi ẹsẹ̀ fà á. Ọ̀nà wo ni ẹkùn ń gbà lórí ilẹ̀ wa yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà omi ni. Ìsun kékeré kan wà nínú igbó lẹ́yìn oko wa tí kì í gbẹ tán. Ibẹ̀ la dẹ ìbọn sí. A kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí bí ẹnì kan bá gbọ́, Dosú á gbọ́.

Kànga ilé gbẹ lọ́sẹ̀ náà. N kò mọ̀, oko ni mo wà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a gbọ́ ìró ìbọn. Inú mi dùn, Àṣàkẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níbí kí n má baà rí ibi fi í pamọ́ sí mọ́: inú mi dùn. Mo sọ fún Láṣebìkan pé, "Ó ti mú un." A ju ọkọ́ sílẹ̀, a sáré.

Àdùkẹ́ àbúrò mi la bá nílẹ̀, ẹni tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Ìyá Pọ́bẹ̀ lónìí. Kò tíì lọ́kọ nígbà náà. Ìkòkò rẹ̀ ti fọ́, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kò dà bí orúnkún mọ́. Kò ké. Ó kàn ń wo ojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló dẹ ìbọn sójú ọ̀nà omi?"

Láṣebìkan ti wà nídìí okùn irin, ó ń tú u, ó ń kó ìbọn pamọ́. Ibẹ̀ ni Àdùkẹ́ ti rí ìdáhùn rẹ̀. Ó pa ojú dé.

Wọ́n ti sọ fún ẹ pé igi ló wó lu Ìyá Pọ́bẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kò sí igi kankan.

Bámigbádé ní ọkọ̀ akẹ́rù. Láṣebìkan sáré lọ bá a kọjá ààlà pé kó gbé ọkọ̀ wá, ká lè gbé ọmọbìnrin náà dé ilé ìwòsàn. Bámigbádé jáde síta, ojú àwọn èèyàn pọ̀ níbẹ̀, ó ní, "N kò mọ ọ̀gbẹ́ni yìí rí. Kó lọ bá ìjọba Faransé rẹ̀." Láṣebìkan padà wá bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Dosú ló gbé e. Ó gbọ́ ìròyìn náà lóko ẹnì kan, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé. Ó so pákó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà, a tẹ́ aṣọ lé e, a gbé Àdùkẹ́ sórí rẹ̀, ó sì ń tì í lọ sí Kétu nínú yanrìn pupa, èmi ń di ẹsẹ̀ Àdùkẹ́ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A dé ibi tí àwọn ilé bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Gáàdì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ nǹkan kan..."

Ó ní, "Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ kí n tó dé. Ẹsẹ̀ àbúrò rẹ ni mò ń gbé lónìí. Ẹjọ́ rẹ lè dúró."

Ìjọba bi Àdùkẹ́ léèrè ẹni tó dẹ ìbọn. Ó ní òun kò rí ẹnì kankan. Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ohun kan náà sọ. Irọ́ tó pa nítorí mi yẹn ni mo ti ń gbé kiri láti ìgbà náà.

Nígbà tó kúrò nílé ìwòsàn, mo gbé ìbọn méjèèjì lọ bá Dosú. Mo sọ orúkọ Bámigbádé fún un, mo sọ ibi tí ilé ìkẹ́rù rẹ̀ wà, mo sọ gbogbo ọ̀nà tí a ń gbà. N kò dárúkọ ara mi fún ìwé. Ó wò mí, ó mọ̀ pé ìgboyà mi kò tó ibẹ̀, ó sì gba ìwọ̀n tí mo mú wá. Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà ní Faransé sí bírò tó wà lápá kejì. Oṣù mélòó kan kọjá. Èsì dé ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tó lè kà á ní bírò wọn. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí olú ìlú, wọ́n fi sílẹ̀ lórí tábìlì kan, wọ́n tún fi ránṣẹ́ sí òmíràn. Nígbà tí wọ́n máa fi túmọ̀ rẹ̀ tán, ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ ni pé: "A kò lè ka lẹ́tà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì." Bámigbádé ti kó ilé ìkẹ́rù rẹ̀ lọ síbòmíràn. Lẹ́tà méjì, èdè méjì, ẹnikẹ́ni kò purọ́ nínú wọn, síbẹ̀ olè ló jàre.

O wá rí ìdí tí ọ̀rọ̀ "iṣẹ́ ìwé lásán" fi dùn mí? Bí ẹnì kan bí ìwọ bá ti wà nídìí tábìlì nígbà náà, ọ̀pọ̀ nǹkan ì bá yàtọ̀. Lónìí, Faransé ti lọ, Gẹ̀ẹ́sì ti lọ, a ti fa àsíá tiwa sókè, àwọn náà ti fa tiwọn. Ṣùgbọ́n òkúta tí wọ́n rì kò bá wọn lọ. Àwa la ó mọ ohun tí a ó fi ṣe é.

Nítorí náà, gbọ́ ìmọ̀ràn mi.

Èkíní, túmọ̀ ohun tí wọ́n bá sọ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́. Bí ẹnì kan bá sọ ọ̀rọ̀ tó le, má fi òróró pa á lára kí inú àwọn yòókù lè dùn. Bí wọ́n bá sọ pé "ó yẹ kí a", má sọ ọ́ di "a gbọ́dọ̀". Bí wọ́n bá sì sọ pé "a gbọ́dọ̀", má sọ ọ́ di "ó yẹ". Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé ẹ, ní kí wọ́n dúró. Àwọn ọkùnrin ńlá á máa wo ẹ́ bí ọmọbìnrin tó ń da iṣẹ́ dúró. Jẹ́ kí wọ́n máa wò.

Èkejì, ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Láṣebìkan kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ bíi tèmi. Ó kó lọ sápá kejì, ó ń bá a lọ, títí àwọn gáàdì Gẹ̀ẹ́sì fi mú un pẹ̀lú awọ kan ṣoṣo lórí. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Ó bá àìsàn jáde níbẹ̀, kò sì pẹ́ láyé. Awọ tí wọ́n mú un sí, ta ló fẹ́ rà á? Kò sẹ́ni tó béèrè. Òfin tó bá ń mú ẹsẹ̀ nìkan, tó ń fi orí sílẹ̀, ẹsẹ̀ kò ní tán láyé, nítorí tálákà pọ̀. Mo mọ̀ pé ògbufọ̀ kì í dá sí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ á máa bi ẹ́ ní ìmọ̀ràn lẹ́yìn ìpàdé, o sọ bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ. Sọ fún un pé kí orúkọ ẹni tó rà, ẹni tó kó pamọ́, àti ẹni tó fi ọkọ̀ gbé wà nínú ìwé náà kí orúkọ ẹni tó rù ú tó dé.

Ìkẹta. Kí wọ́n má ṣe kọ ọ́ pé àwọn ìjọba méjèèjì "yóò ran ara wọn lọ́wọ́" kí wọ́n wá lọ jẹun. Ta ni yóò kọ̀wé sí ta ni? Ní èdè wo? Ọjọ́ mélòó ni èsì gbọ́dọ̀ fi dé? Gáàdì ti Kétu gbọ́dọ̀ mọ orúkọ gáàdì tó wà lódì kejì, kí ó mọ ilé rẹ̀, kí wọ́n lè jọ dúró nídìí òkúta kan náà lọ́jọ́ ọjà. Awọ tí kò ní ìwé láti ilẹ̀ tí wọ́n ti pa ẹran náà, kó jẹ́ ẹrù òfin ní ilẹ̀ méjèèjì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ kèrègbè. Ilẹ̀ wa kéré, tiwọn tóbi, ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ kálukú kò tó wà.

Má sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ bí ẹni pé ẹranko làwọn náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí yóò jókòó sí tábìlì yẹn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó pa òkété kí ọmọ rẹ̀ lè jẹ ọbẹ̀ àti ẹni tó pa ẹkùn fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ọdẹ tó bá mọ̀ pé òfin mọ ìyàtọ̀ náà, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ fún gáàdì pé àjèjì kan wà nínú igbó. Èyí tí òfin bá sọ di olè lójú ìyàwó rẹ̀ á kàn dákẹ́ ni. N kò rántí iye tí mo ti kà dé mọ́; bóyá ìkẹrin nìyẹn.

Èyí tó kù yìí ló wúwo jù lọ, òun ló sì lé mi dé ìdí lẹ́tà yìí. Má ṣe ní àṣírí kan tí ẹlòmíràn lè fi fa ọ̀já ìdí rẹ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní kété tí lẹ́tà rẹ dé, ọkùnrin kan wá sílé. Ó mọ́ tónítóní, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa. Ọmọ Bámigbádé ni. Bàbá rẹ̀ ti kú, òun ló jogún òwò náà.

Ó ní, "Bàbá mi máa ń dárúkọ yín, sà."

Mo ní, "Bàbá yín sọ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn pé òun kò mọ̀ wá rí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ ti pẹ́, sà. Mo gbọ́ pé ọmọ yín ni yóò máa gbé ọ̀rọ̀ láti ẹnu dé ẹnu nípàdé yẹn. Mo bá yín yọ̀. Mo rí i pé koríko ló ṣì bo ilé yín. Màá fi páànù bò ó kí òjò tó dé. Ohun tí mo fẹ́ kò tó nǹkan, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Níbi tí wọ́n bá ti sọ pé 'ẹni tó rà', kí ọmọ yín kọ 'ẹni tó rù'. Nínú ìwé kan péré, nínú èdè kan péré. Bí wọ́n bá rí i lọ́la, àṣìṣe ni. Ta ni kì í ṣàṣìṣe?"

"Bí n kò bá gbà ńkọ́?"

Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Nígbà náà, ó lè jẹ́ pé àwọn èèyàn á gbọ́ ohun tó ṣe ẹsẹ̀ arábìnrin yín. Bàbá mi sọ fún mi kó tó kú. Ìjọba lè má fẹ́ kí ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó sídìí tábìlì wọn."

Mo ní kó dìde nílé mi. Ó dìde, ó sì tún dọ̀bálẹ̀ kó tó lọ. Àwọn onírẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí o máa ṣọ́ra fún.

Ìyá rẹ ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi ìdáná. Kò mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Mo wọlé, mo jókòó, mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọbẹ̀ jó lórí iná. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, mo rò pé igi ni." Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní, "Páànù kọ́. Koríko yìí kò tíì jẹ́ kí òjò pa wá rí. Lọ bá Àdùkẹ́."

Mo lọ sí Pọ́bẹ̀. Àdùkẹ́ wà níwájú ilé, ó ń bó àgbàdo, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú rẹ̀ bó ṣe máa ń nà án. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ níwájú àbúrò mi. Mo ní, "Àdùkẹ́, mo fẹ́ lọ sọ ọ́."

Ó ṣì ń bó àgbàdo. Ó ní, "Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ ni? Mo ti bá ọ gbé e tó. Ó ti ń rẹ̀ mí." Ó wá na ọwọ́, ó fà mí dìde. "Ṣé wọ́n á tì ọ́ mọ́lé?"

"N kò mọ̀."

"Bí wọ́n bá tì ọ́ mọ́lé, màá wá wò ọ́. Ṣùgbọ́n má retí mi kíákíá o. Ẹsẹ̀ mi kò yá." A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì, lẹ́yìn náà mo sunkún, òun kò sunkún.

Ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Mú lẹ́tà yìí lọ bá ọ̀gá rẹ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kó kà á, tàbí kí o kà á fún un. Bí wọ́n bá ní kí o kúrò nídìí tábìlì nítorí mi, kúrò láìjiyàn, kí o sì gbé orí rẹ sókè jáde. Ẹlòmíràn á túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, o kò sì ní jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìdákẹ́. Bí wọ́n bá ní kí o dúró, dúró dáadáa. Dosú ti kú ní Àgbómẹ̀, n kò sì lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó kù sí ìwọ àti èmi láti parí ohun tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́la, kí oòrùn tó mú, mo ń lọ sí bírò àwọn gáàdì ní Kétu. Màá ní kí wọ́n kọ ohun tí mo ṣe sílẹ̀, orúkọ mi lókè rẹ̀, àwọn ọ̀nà tí a ń gbà, ẹni tó fún wa ní ìbọn, ẹni tó wá sílé mi pẹ̀lú páànù lẹ́nu. Ìyá rẹ ti di gààrí àti aṣọ ìbora fún mi bóyá n kò ní tètè padà. Ó ń kùn bó ṣe ń dì í, ṣùgbọ́n òun ló mú aṣọ tó dára jù nínú àpótí.

Wọ́n á fi ìwé ẹ̀rí náà ránṣẹ́ sí Àjàṣẹ́, yóò sì dé orí tábìlì yín pẹ̀lú àwọn ìwé yòókù. Nígbà tí o bá kà á dé orúkọ mi, má jẹ́ kí ohùn rẹ wálẹ̀. Kà á ní Faransé kí àwọn tiwa gbọ́. Kà á ní Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn tiwọn gbọ́. Lẹ́yìn náà, ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, níbi tí orúkọ ẹni tó rà wà, kí o sì ka ìyẹn náà sókè ju tèmi lọ.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Jóṣẹ́fù Adéṣínà,
àgbẹ̀, Okpomẹ́ta.